Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá Tí Mo Fún Ìyá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Nǹkan mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: èémí ìyá rẹ, iná tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, àti irọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ọlọ́run tó jẹ́ kí wọ́n ṣí àyà ìyá rẹ tí wọ́n sì rí i dì padà kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣí tìẹ. Ilé wà bó ṣe wà, òrùlé ìdáná ṣì ń jò, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n kí ọ.

O rántí pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn náà, àwọn dókítà ní kí ìyá rẹ wà nínú ìwádìí tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n lè mọ bí ara àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ṣe ń yá sí nílé. Ẹ̀rọ á máa ka bí ọkàn ṣe ń lù, èmi á sì máa kọ fọ́ọ̀mù lójoojúmọ́. Lórí fọ́ọ̀mù náà, mo rí ìrora, mo rí èémí lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òdo títí dé mẹ́wàá. Èmi tí mo jókòó ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá rí, mo mọ máàkì tí mo bá rí i. Ta ló máa fún ìyàwó ara rẹ̀ ní márùn-ún? Mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá yíká.

Àṣé ẹni tí ìnira rẹ̀ ti dé góńgó ni mẹ́wàá wà fún. Nọ́ọ̀sì ìwádìí pè mí, ó ní kí màmá má dìde rárá, ọkọ̀ aláìsàn ti fẹ́ gbéra. Ìyá rẹ ń fọ aṣọ lọ́wọ́. Ó gba fóònù, ó ní kí wọ́n má dá bàbá yìí lóhùn, ó rò pé òun jókòó ṣe ìdánwò ni. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, òdo ni mò ń kọ sí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń kí wa pé ara màmá yá ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo tiẹ̀ fi yangàn fún télọ̀.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé tó kọjá, bí ìyá rẹ bá ń gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, á dúró ní ìdajì, á ṣe bí ẹni ń wo òdòdó. Kò sí òdòdó kankan níbẹ̀. Á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, “Bàbá ọmọ mi, òdo ni kí ẹ kọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún ṣí àyà mi mọ́.” Mo sì kọ òdo.

Lánàá mo yọ́ lọ sẹ́yìn ilé, mo pe nọ́ọ̀sì, mo jẹ́wọ́. Ó ní ó ti ń ya àwọn lẹ́nu, nítorí ohun tí ẹ̀rọ ń sọ kò bá òdo mi mu. Ó ní ó lè jẹ́ omi ló kó sí i láyà, oògùn lásán sì lè gbẹ ẹ́ láìlo abẹ, ṣùgbọ́n kí a wá sí ilé ìwòsàn lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ní Ọjọ́bọ̀, bó bá sì le sí i, kí a má dúró rárá. Mi ò tíì lè sọ fún un. Ìdí nìyí tí mo fi fi ìwé rán awakọ̀ sí ọ, nítorí bí mo bá tún yọ́ lọ pè ọ́, ìyá rẹ á fura. Pè é, sọ ọ̀rọ̀ oògùn fún un, tìrẹ ló máa ń gbọ́. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Bó o bá fi ti òrùlé kún un, mi ò ní bínú.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọkàn tó ń lù jẹ́jẹ́ àti ọkọ tó mọ fọ́ọ̀mù kà. Bí ìyá rẹ bá gbà, a jọ ń bọ̀. Bó bá kọ̀, èmi nìkan á wá, n ó sì mú dókítà bọ̀ wálé. Ọjọ́bọ̀ yìí, ọjọ́ kẹrìndínlógún, aago mẹ́fà ìdájí, ni mo máa gbéra.

Bàbá rẹ