Ògiri Tí Ẹ̀gbọ́n Yín Kò Rẹ́ Parí

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2019.

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìfojúkanra. Ṣé àlàáfíà ni baálé yín wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ẹsẹ̀ ìyá ọkọ yín tó ń wú? Ojú yín tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ńkọ́? Inú mi á dùn bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ka ìwé yìí. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń kà á sí yín létí ni, kí òǹkàwé rọra, torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kò ṣeé kánjú kà.

Mo ti ta ilé ẹ̀gbọ́n yín. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lẹ ti máa gbọ́ ọ. Orúnkún mi ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Lóṣù kejì mo ṣubú lórí ẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí aládùúgbò fi wá tọrọ iyọ̀. Ọmọ yín obìnrin tí mo bí fún ẹ̀gbọ́n yín ní òun ò lè fọkàn balẹ̀ sùn mọ́, àfi kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

Alágbàtà ilé tí mo bẹ̀ níṣẹ́ kọ́kọ́ wá yẹ ilé wò. Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkùnrin yìí wo tèmi, orúkọ tó sọ ọ́ ò dùn létí rárá. Páànù orí ilé ìdáná ń jò. Ìlẹ̀kùn iwájú ò ṣeé tì. Ògiri ẹ̀yìnkùlé ti lanu, aláǹgbá sì ti wọ̀ ọ́ láìtọrọ àyè. Ọ̀dà ara ilé ti ń ṣí. Ó wá ṣí yàrá òkè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó ń ra ilé kì í fẹ́ rí iṣẹ́ tí kò parí."

Ẹ mọ yàrá náà. Ọjọ́ Sátidé tí ẹ̀gbọ́n yín ń rẹ́ ògiri ibẹ̀, ìsàlẹ̀ dán bíi dígí títí dé ibi tó bá a láyà; láti ibẹ̀ lọ sókè, búlọ́ọ̀kù lásán ni. Ó ní apá òun wúwo, pé tó bá di Mọ́ńdè òun á parí ẹ̀. Mọ́ńdè bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, kò sì padà wálé mọ́. Láti ọdún mẹ́rin, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ògiri yẹn.

Mo ronú títí. Mo ní kí káfíńtà pààrọ̀ páànù, kó sì tún ìlẹ̀kùn ṣe, torí òjò àti olè kì í dúró de ẹni tó ń ra ilé. Wọ́n dí ògiri tó lanu. Mo fi ọ̀dà sílẹ̀. Ẹni tó bá rà á, kó kun èyí tó wù ú. Yàrá òkè ńkọ́? Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wo ilé yọjú síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí ló dé? Ṣé bíríkìlà sá lọ ni?"

Opẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ pé tó bá gba iṣẹ́ ẹni, á gbàgbé oúnjẹ títí iṣẹ́ á fi parí! Mi ò lè jẹ́ kí ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ máa pè é ní ẹni tó sá níṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ni mo ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, bíríkìlà tí gbogbo wa ń pè ní Ó-Dọ́gba. Ó gbé sìmẹ́ńtì àti àkàbà wá. Ó po sìmẹ́ńtì náà, ó fi irin ìrẹ́lé bù ú, ó wá dúró níwájú ògiri bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó wa, mi ò lè ṣe é."

Mo bi í pé kí ló dé.

"Ó bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun ṣe é lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo ní ọwọ́ mi dí. Irọ́ ni mo pa. Mo kàn fẹ́ sinmi ni." Àgbàlagbà ọkùnrin bú sẹ́kún.

Mo gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí mo kọ́kọ́ jù mọ́ ògiri já bọ́ sí mi lórí. Ó wò mí, ẹ̀rín pa á tomijé-tomijé. Ó ní, "Rọra tẹ̀ ẹ́, ìyàwó wa. Má jù ú bí ẹni ń sọ òkò." Ibi tí ọwọ́ mi ga dé ni mo rẹ́ dé, ó rí págunpàgun. Òun gun àkàbà, ó rẹ́ ìyókù dé àjà.

Olùkọ́ obìnrin kan ló rà á. Ó fi ọwọ́ pa ògiri náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Mo ní ọkọ mi ni, àti èmi, àti ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó ní kí n má bínú, òun á ní kí wọ́n tún àárín ẹ̀ rẹ́. Mo rò pé ó máa dùn mí, kò dùn mí. Ilé rẹ̀ ni. Iṣẹ́ tiwa ti parí.

Ìparí oṣù yìí ni mo máa kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kó tó dìgbà náà, bó ṣe ọjọ́ kan péré. Ó-Dọ́gba ní ohun tí òun sọ fún mi, òun gbọ́dọ̀ fẹnu ara òun sọ ọ́ fún yín. Mo kọ ọ́ síbí kó má baà bá yín lójijì. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó dì í lọ́wọ́ mú.

Ẹ bá mi kí baálé yín àti ìyá ọkọ yín. Kí Olúwa la ojú yín sí ire.

                                        Èmi ni ìyàwó yín, nílé yìí àti níbikíbi,
                                        Ìyàwó Bíríkìlà.