Toyibat Ò Sọ Pé Rárá

Àǹtí Rose mi,

Ṣé ẹ̀yin àti Màmá wà dáadáa ní Ògbómọ̀ṣọ́? Inú mi ń dùn ṣìnkìn níbí l'Ọ̀tà! Mo ti ní kí Toyibat, ọmọ kíláàsì wa, bá mi lọ síbi ijó ìparí ọdún ilé-ìwé wa. Òun nìkan ló máa ń bá mi jẹun ọ̀sán. Ó rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀, ó ní, "Jabez, jẹ́ kí n bi bàbá mi ná."

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Joju, àwọn náà ni lèmọ́ọ̀mù ibẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Toyibat ò ṣáà sọ pé rárá. Lánàá, ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jókòó síwájú kíláàsì, àmọ́ ó bojú wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá fẹ́ kì í bojú wẹ̀yìn, àbí?

Ẹ bá mi kí Màmá. Tí wọ́n bá béèrè, ẹ ní mo ti lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀.

Àbúrò yín,
Jabez