Ìdọ̀tí Tí Màmá Ifátọ́lá Dà Lójú Ayé

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ọ̀tan,
                                        Ìlá-Ọ̀ràngún.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Karùn-ún, Ọdún 2025.

Fọláṣadé mi àtàtà,

Ṣé Ọ̀rà ń bá ọ lára mu? Ìyá àgbà ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n lọ sóko? Bá mi kí wọn kí o tó kà á síwájú, torí bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, o ò ní rántí mọ́. Àlàáfíà la wà níbí, àfi ojú tó ṣì ń tì mí díẹ̀.

Wọ́n mú ilé ìwé wa mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó ń pàdé lórí ayélujára, kí kálukú sọ ìṣòro àyíká tirẹ̀. Èmi ni wọ́n yàn láti sọ tiwa. Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé, olùkọ́ wa, kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dójú ti Nàìjíríà. Wọ́n kọ ohun tí n ó kà fún mi, pé Ìlá mọ́ tónítóní, kò sí ìdọ̀tí kankan. Mo ní ṣé kì í ṣe ìṣòro ni wọ́n ní ká sọ. Wọ́n ní kí n ṣáà kà á bí mo ṣe bá a.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Maricel, ọmọbìnrin kan ní Fílípíìnì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní omi ya wọ ilé àwọn, ó sì gbé bàtà ìyá òun lọ. Onni, ọmọkùnrin ará Fínlándì, ní adágún omi àwọn ti di àwọ̀ ewé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ojú ò ti èyíkéyìí nínú wọn. Bó ṣe kàn mí báyìí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, la bá gbé kọ̀ǹpútà jáde sábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

Ibi tí mo ti ń kà á pé Ìlá mọ́ tónítóní ni Màmá Ifátọ́lá, tí wọ́n ń ta ìrẹsì nílé ìwé wa, ti gbé bàsíà ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dé ẹ̀yìn mi, tí wọ́n sì dà á sínú gọ́tà. Gbogbo wọn rí i àfi èmi. Maricel rọra bi mí pé kí ni ìyá yẹn dànù. Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé sọ ọ́ sí mi létí pé kí n ní ajílẹ̀ ni.

Mo wẹ̀yìn, mo rí gọ́tà yẹn, mo sì rántí bó ṣe kún lọ́dún tó kọjá tí omi wọ kíláàsì wa, tí gbogbo ìwé mi di ẹ̀kọ. Mo ká bébà náà. Mo ní, "Irọ́ ni mo kà sí yín létí. Ọ̀rá ni Màmá dà, òun gan-an ni ìṣòro wa."

Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé dijú. Màmá Ifátọ́lá rí i pé àwọn ni a ń wò, wọ́n bá sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n kí gbogbo wọn kú ìjókòó. Wọ́n ní, "Fúnminíyì, bá mi bi wọ́n. Ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Níbo ni wọ́n ń da tiwọn sí?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Maricel ní gọ́tà ni tàwọn náà ń lọ, òun ló fa omi tó gbé bàtà. Onni ní ọkọ̀ máa ń kó tàwọn. Màmá ní ó ń kó o lọ síbo? Ọmọ náà ní òun ò bèèrè rí. Ọ̀rọ̀ wá dùn. A ò dákẹ́ títí iná kọ̀ǹpútà fi tán.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá so àpò ńlá mọ́ igi máńgòrò, wọ́n ní ẹni tó bá ju ọ̀rá sílẹ̀ kò ní ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn. Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé gbàgbé lọ́jọ́ Ajé. Gààrí ni wọ́n mu lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti kọ̀wé báyìí pé ẹnu Màmá ni àwọn ti fẹ́ gbọ́rọ̀ nígbà tí a bá tún pàdé. Èmi tí wọ́n yàn ti di ògbufọ̀. Lánàá ni Màmá pè mí, tí wọ́n kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tèmi kún tàwọn.

Bá mi kí Àkànbí àti gbogbo ará ilé. Tètè fèsì o.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
                                        Fúnminíyì.