Òkè Tí Kìtán Ń Ṣe Lọ́wọ́

Oǹdó,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, 2024.

Ìbídùnní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara rẹ le? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ìwọ àti àwọn ọmọ nínú àlàáfíà. Èmi náà wà láàyè, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

O rántí ẹ̀ńjìnnì géèmù tí àwa méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ ní yàrá rẹ lẹ́yìn Ọjà Ọba, èyí tí ènìyàn lè fi ṣe géèmù tirẹ̀, kí ọmọlangidi inú rẹ̀ máa sáré, kó máa fò láti orí pèpéle kan sí òmíràn. Nígbà tí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bá mi tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ló gbà á. Ẹnì kan péré ló tún un ṣe: Kìtán, tíṣà kan ní Bọ́lọ́rundúró.

Òun ló rí ìdí tí ọmọlangidi wa fi máa ń já wọ inú ilẹ̀ tó bá fò ga jù. Odidi ọdún mẹ́ta lèmi àtìwọ fi wá a tì! A ò fojú kanra rí, àmọ́ ọdún méjì la fi ń kọ̀wé síra wa. Òkè ló ń ṣe kẹ́yìn, kí ọmọlangidi lè gun ibi tó dagẹ̀rẹ́, torí ilẹ̀ títẹ́jú nìkan ló mọ̀ ọ́n rìn. Lóṣù Kẹta ó kọ̀wé pé, "Bímbọ́lá, ó ti gùn ún! Jẹ́ kí n tún un yẹ̀ wò, màá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú." Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó pé oṣù méjì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Bọ́lọ́rundúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àńtí Agnes, ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Wọ́n ní, "A pè é ní ibà lásán. Ọjọ́ kẹrin ló kú."

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn wá fọ́tò rẹ̀ nínú rẹ̀, torí wọn ò ní ju èyí tó wà lára káàdì ìdìbò rẹ̀ lọ. Inú kọ̀ǹpútà yẹn náà ni òkè tó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé. Mo tẹ orúkọ rẹ̀, mo tẹ ti ìyá rẹ̀, mo tẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀; kò ṣí. Mo gbé e wá fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àkúrẹ́ yín. Ó ní bí òun bá ṣí i, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á parẹ́. Dárí jì mí, mi ò lè yà sọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ náà.

Mo dá a padà. Àńtí Agnes fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Èmi fúnra mi ti gbìyànjú láti ṣe òkè náà. Tí ọmọlangidi bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa gbọ̀n, á sì já wọlẹ̀. Ọgbọ́n mi ti pin. Mi ò ní kí o padà sídìí iṣẹ́ náà o. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ pé géèmù lásán ni.

Kí Olúwa pa ìwọ àti àwọn ọmọ mọ́, kó má jẹ̀ẹ́ kí ilé rẹ mọ irú òfò yìí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Bímbọ́lá.

Mo gbàgbé: láàárọ̀ yìí, ẹnì kan tó ń fi ẹ̀ńjìnnì wa ṣe géèmù, tó ń jẹ́ Goodness, kọ̀wé láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìgbà wo ni òkè yẹn máa jáde? Òun nìkan ni mò ń dúró dè." Mo kọ èsì lẹ́ẹ̀mẹta, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.