Àdí Tí Àlàájà Gbé Wá

Jarwal, Mẹ́kà. Àlàmísì, 1996.

Àlàájà, ìyá ọkọ mi tó wá ṣe Hájì, ló gbé àdí wá fún wárápá Sàlímọ́tù ọmọ mi. Alaalẹ́ ni mo ń fi ṣíbí fún un lá, kò sì ṣubú mọ́.

Òní ni Àlàájà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ewé igbó làwọn sè sínú rẹ̀. "Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù? Ṣebí ara ọmọ ti yá." Igbó! Nílùú tí wọ́n ti ń bẹ́ èèyàn lórí nítorí rẹ̀!

Ṣé igbó náà ló ṣiṣẹ́ ni, àbí àdí lásán? Dókítà wo ni mo fẹ́ bi, èmi tí mi ò níwèé ìgbélùú...

Mo da àdí náà nù sílé ìwẹ̀. Nígbà tí mo jáde, Sàlímọ́tù ti jókòó sáyè rẹ̀, ó ti lanu sílẹ̀ de ṣíbí.