Kànga Tó Gbé Ipò Kìn-ín-ní

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Bátìrì.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n, Dókítà Omi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwọn ọ̀gá rẹ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́? Ikọ́ tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà òtútù, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè.

Kí n tó sọ ohun tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́, jẹ́ kí n ka àwọn èrò tuntun fún ọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ bí ọkùnrin lóṣù tó kọjá. Onídìrí ojúlé kẹsàn-án bí ìbejì, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Àbúrò káfíńtà gbéyàwó, ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ni ìyàwó náà gbé korobá wá sídìí kànga wa. Ọmọ télọ̀ òpópónà ìsàlẹ̀ ti lọ́kọ, oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Omi kànga wa ni gbogbo wọn ń mu. Má gbàgbé wọn bí o ṣe ń ka ìwé yìí lọ.

Ṣé o rántí ọdún kẹta sẹ́yìn tí o kó àwọn olùwádìí yunifásítì yín wá bá mi? O ní ẹ fẹ́ fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yanjú ìṣòro àwùjọ, pé ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó lẹ́yìn ilé wa lè ti ba omi jẹ́. Orí mi wú. Èmi fúnra mi ni mo mú yín wọ ojúlé dé ojúlé. Àwọn ìyá kan kò fẹ́ kí ẹ gún ọmọ wọn níka gbẹ̀jẹ̀. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ọmọ ọmọ mi ni. Mo tẹ ìka sí ìwé yín, torí n kò tíì mọ̀wé nígbà náà. Ẹ bu omi kànga mẹ́rin sínú ìgò kéékèèké, ẹ lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ padà wá pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ẹ kọ nọ́ńbà sára kànga kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá rẹ ló ń kọ ọ́, ìwọ lo di agolo ọ̀dà mú. A bi yín léèrè ohun tó jẹ́, ẹ ní àmì iṣẹ́ yín ni, pé àlàyé ń bọ̀. Kò pẹ́ tí mo wọ kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà nígbà náà, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n sì tíì kọ́ wa. Mo wo kànga wa, mo rí 1. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi ojú ara mi kà láyé mi nìyẹn, yàtọ̀ sí ti ojú pátákó. Mo figbe ta: “Ẹ wá wò ó o! Kànga wa ló gbé ipò kìn-ín-ní!” Mo jó yí kànga ká. O rí mi bí mo ṣe ń jó. O rẹ́rìn-ín.

Bí gbogbo àdúgbò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí pọn omi wa nìyẹn. Télọ̀ ni ẹ kọ 4 sí kànga tirẹ̀, a sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹ̀gbọ́n rẹ bíríkìlà a máa ké sí i láti òkèèrè pé, “Télọ̀ onípò ìkẹ́yìn, ìgbà wo ni kànga yín máa tún ìdánwò ṣe?” Ojú ti ọkùnrin náà. Ó fi páànù bo kànga rẹ̀, ó ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ wá pọn tiwa.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, olùkọ́ wa kó ìwé pẹlẹbẹ kan wá sí kíláàsì, ó ní yunifásítì yín ló túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Fọ́tò yín wà níwájú rẹ̀, ẹ gba àmì-ẹ̀yẹ, aṣọ yín funfun báláú. Orúkọ rẹ ló ṣìkẹta. Mo fi han gbogbo kíláàsì, mo ní ẹ̀jẹ̀ mi nìyí. Olùkọ́ ní kí n dìde kí n ka ojú ìwé kẹrìnlá sókè. Mo kà á: “A to àwọn kànga láti orí èyí tó léwu jù lọ. Kànga Kìn-ín-ní: òjé, májèlé inú bátìrì, tó wà nínú omi rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po ogún. Kò dára fún mímu. Kànga Kẹrin: omi rẹ̀ mọ́.” N kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kà. Olùkọ́ ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, mo padà sí ìlà náà, mo tún un kà.

Ṣé o rántí Ẹ̀gà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, tí a sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi? Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí eyín ń ká. Ó ń di inú mú, ó ń nàka sí ife tó mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa ń sọ pé ó ń dàgbà ni, pé ìtìjú ń wọ̀ ọ́ lára. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ọjọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò wo? Ìka rẹ̀ wà lára àwọn ìka tí ẹ gún.

Mo fi fóònù télọ̀ pè ọ́. O ní, “Màmá àgbà, iṣẹ́ tiwa ni ká ṣèwádìí. A ti fi èsì ránṣẹ́ sí ìjọba, àwọn ló yẹ kó kéde.” Mo bi ọ́ bóyá o ti mọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń jó. Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń mí títí owó orí fóònù fi tán.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ, iṣẹ́ ọmọ la rán ọ, o fi tẹrú jẹ́ ẹ.

N kò pe ìwádìí yín ní nǹkan burúkú o. Ìmọ̀ yín ló rí òjé tí ojú wa kò lè rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ejò lábẹ́ ẹní tí ọmọ sùn sí, tó wá lọ kọ̀wé nípa bí ejò náà ṣe gùn tó, kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Mo ti sọ fún àwọn ará ibí. Mo fi pákó dí ẹnu kànga, mo gbé okùn pamọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti ra okùn tuntun. Onídìrí gbé ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ pọ̀n, ó ní, “Ìyá, ìgbà wo lẹ tiẹ̀ mọ̀wé? Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ó gbé ipò kìn-ín-ní?” Télọ̀ ti ká páànù kúrò lórí kànga rẹ̀, ó ní kí gbogbo ayé wá pọn, wọ́n ní ìlara ló ń dà á láàmú. Ilé wa nìkan ló ń pọn ọ́n. Ẹyin lohùn. Èyí tí mo là mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ijó kò ṣeé kó mọ́. Ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́, torí ìwọ ni wọ́n rí pẹ̀lú agolo ọ̀dà.

Nítorí náà, máa bọ̀ wálé. Má mú ọ̀gá kankan dání. Mú èsì ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wá, kí o sì mú ọ̀dà wá. Wàá dúró létí kànga, wàá kà á sí wọn létí, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. N ó jókòó tì ọ́. Bí o bá fo ìlà kan, màá mọ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n kí ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní kí n kí ọ. Ẹ̀gà juwọ́ nígbà tí mo dárúkọ rẹ. N kò mọ̀ bóyá ó rántí ẹni tó ń juwọ́ sí. Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá.

                                        Èmi tí mo fi ọ́ yangàn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
                                        Ìyá tó bí bàbá rẹ.
                                        (Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. N kò tẹ ìka.)

Owó ọkọ̀ rẹ wà nínú ìwé yìí: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Àlọ nìkan ni. Mo ta owó àbọ̀ ní kókó sí etí ìró mi. Etí kànga la ti máa tú u.