Kòkòrò Pupa Inú Ìgò

Àkọ́bí mi,

Oògùn tí o fín sára ẹ̀wà mi lánàá ti pa àwọn kòkòrò pupa tó ní àmì dúdú lẹ́yìn. Àwọn kọ́ ló ń ba ewé jẹ́. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé mu ni wọ́n ń jẹ. O pa ọdẹ, olè ṣẹ́kù. Mo mọ̀ pé o fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni.

Mo tọrọ mẹ́sàn-án irú wọn láàárọ̀ yìí lọ́wọ́ aránṣọ òdìkejì ọ̀nà, tó gbin ẹ̀wà sẹ́yìnkùlé, wọ́n wà nínú ìgò yìí. Tí oòrùn bá rọlẹ̀, fi omi ṣan oògùn kúrò lára ewé, kí o tó dà wọ́n sí i.

Tó o bá ṣe tán, má tíì jáde, dúró dè mí. Àwọn kòkòrò tó kú yẹn nìkan ni mò ń rí bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀.

Ìyá rẹ